Píkọ́ọ̀pù Pijó 504 Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Irin, Wáyà àti Ọ̀dà

Ẹni tó bá fẹ́ tún píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ṣe, ohun tó máa ń kọ́kọ́ béèrè ni àwọ̀ tó máa bá a mu. Ìbéèrè tó yẹ kó gbẹ̀yìn nìyẹn. Irin ló ṣáájú, wáyà tẹ̀ lé e, ọ̀dà ló kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù, torí ohun tí rìwáyà bá ṣe yóò kan pẹ́ńtà, ohun tí pẹ́ńtà bá ṣe yóò sì kan rìwáyà. Pijó 504 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló pọ̀ jù lábẹ́ igi máńgòrò àti lẹ́yìnkùlé bàbá àwọn èèyàn. Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ Datsun tàbí Hilux àtijọ́ náà yóò rí ohun mú níbẹ̀.

Ṣé 504 ṣì tó ohun tí à ń náwó lé lórí lónìí?

Ó tó, bí ṣáṣí rẹ̀ bá ṣì le. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sì jáde ní 1979. Ilé iṣẹ́ Pijó ní Kàdúná, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, to 504 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà ara rẹ̀ fi kún ilẹ̀ títí dòní. Ẹ lè wá ìlẹ̀kùn, fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ sí Ládípọ̀ ní Muṣin, sí Àràròmí ní Gate n'Ìbàdàn, tàbí sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ ní Owódé Onírin.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí fẹ́ńdà o. Rọ́bà àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: rọ́bà gíláàsì iwájú, rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn, ọwọ́ ìlẹ̀kùn, gíláàsì iná ẹ̀yìn. Fẹ́ńdà tó ká, ẹni tó mọ òòlù lò yóò nà án. Rọ́bà tó ti gbó kò ní àtúnṣe, omi tó bá sì gba ibẹ̀ wọlé ni yóò tún jẹ irin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó lé.

Nínú irin, wáyà àti ọ̀dà, báwo ni kí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ léra?

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì parí tiẹ̀ ná. Kí ẹ́ńjìnnì tan, kí jíà wọlé, kí bíréèkì mú, kí ọkọ̀ náà lọ sí títì kó sì padà wálé nínú àwọ̀ burúkú tó wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá kun ọkọ̀ tán kí wọ́n tó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi gbé e yóò ha fẹ́ńdà, òróró bíréèkì yóò sì kán sílẹ̀. Òróró bíréèkì kì í bá ọ̀dà ṣeré: ibi tó bá kán sí, bíbó ló ń bó.

Lẹ́yìn mẹkáníìkì ni kí ẹ tú bọ́dì, kí pánẹ́ẹ̀bítà bọ́ sí i. Nígbà tí irin bá parí, tí ọ̀dà kò sì tíì kàn án, ẹ tún gbogbo rẹ̀ tò padà: ìlẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, bọ́ńpà, iná, jígí. Ẹ wò ó bóyá àlàfo tó yí ìlẹ̀kùn ká dọ́gba, bóyá bọ́nẹ́ẹ̀tì ń padé dáadáa. Àtúnṣe tí ẹ bá rí lásìkò yìí, òòlù lásán ló gbà. Lẹ́yìn ọ̀dà, omijé ló gbà.

Ìgbà tí wọ́n tò ó báyìí ni rìwáyà gbọ́dọ̀ wá. Kó mọ ọ̀nà tí wáyà máa gbà, kó sì lu gbogbo ihò tó bá fẹ́ lu: ti relay (switch tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá), ti àpótí fíúsì, ti rédíò, ti iná ìfàsẹ́yìn, ti tracker bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Ihò tí wọ́n bá lu lẹ́yìn ọ̀dà, etí irin rẹ̀ á wà ní ìhòòhò, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà á ti gbéra. Lẹ́yìn ihò ni kí ẹ tó tún tú u, kí ẹ fi primer (ọ̀dà ìsàlẹ̀) sí i, kí ẹ kun inú ilé ẹ́ńjìnnì, ẹnu ìlẹ̀kùn àti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Wáyà á wá wọlé lórí ọ̀dà tó ti gbẹ, ẹ ó dán gbogbo iná wò lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ́ńtà á sì kun ìta kẹ́yìn. Àwọn pẹ́ńtà kan kì í fẹ́ ètò yìí torí ó ń mú kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ san owó ẹ̀ẹ̀kejì náà fún wọn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí ìpẹtà jẹ ẹ́ dé?

Ẹ ra irin òòfà kékeré kan, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e, kí ẹ máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lára bọ́dì. Níbi tí irin wà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n ti rọ́ pọ́tì (ohun tí wọ́n fi ń dí kòtò ara bọ́dì) sí, yóò já bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ po. Lẹ́yìn náà, ẹ mú súkúrúdíráfà, kí ẹ máa fi ìdí rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn àti irin gígùn tó wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn láti iwájú lọ sẹ́yìn. Irin tó le ń dún gan-in, ohùn rẹ̀ mọ́. Èyí tó ti jẹ ń dún bọ̀bọ̀, nígbà míì ẹ ó tiẹ̀ gbọ́ tí ìpẹtà ń ṣàn sílẹ̀ nínú rẹ̀ ṣàà. Ibi tó bá dún bọ̀bọ̀, ẹ yí súkúrúdíráfà padà, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ tì í. Bó bá wọlé, ó sàn kó wọlé lónìí ju kó wọlé lẹ́yìn ọ̀dà.

Àwọn ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò lára 504 nìyí. Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀: ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá, ẹ má kàn gbé etí rẹ̀. Igun méjèèjì nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí omi ti ń jókòó sábẹ́ rọ́bà. Abẹ́ bátìrì, torí ásíìdì. Ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn, níbi tí àwọn ihò kéékèèké wà tí omi òjò ń gbà jáde. Eruku àti ọ̀dà àtijọ́ sábà máa ń dí wọn, omi á sì dúró sínú ìlẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi méjì tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Èkíní ni orí ibi tí shock absorber iwájú ti kan bọ́dì nínú ilé ẹ́ńjìnnì, torí ibẹ̀ ni ìwúwo iwájú ọkọ̀ ń sinmi lé. Èkejì ni ibi tí wọ́n ti so àwọn sípíríǹgì aláwẹ́ ẹ̀yìn mọ́ ṣáṣí. Píkọ́ọ̀pù tó bá ti kó pákó àti sìmẹ́ǹtì fún ogún ọdún, ibẹ̀ ló ti ń sanwó rẹ̀. Bí irin ibẹ̀ bá ti ń ṣí ní awẹ́ awẹ́, tí kò sì sí wẹ́dà tó dáńtọ́ nítòsí yín, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn rà.

Pánẹ́ẹ̀bítà ní gáàsì kábáìdì lòun máa fi jó gbogbo rẹ̀. Ṣé kò léwu?

Gáàsì kì í ṣe ọ̀tá, ọwọ́ tó mú un ni. Ṣùgbọ́n páànù bọ́dì ọkọ̀ kì í sábà nípọn ju mílímítà kan lọ. Iná gáàsì ń tàn káàkiri kó tó yọ́ irin, páànù náà á gbóná lápá ibi tó pọ̀, á wú, á sì rọ̀. Ìyẹn ni ẹ ṣe ń rí ìlẹ̀kùn tó rí kókó-kòtò lẹ́yìn tí wọ́n jó o, tí wọ́n á wá fi pọ́tì bo kòtò náà mọ́lẹ̀. Fún bọ́dì, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ CO2 (ẹ̀rọ wẹ́dà oníná tó ń fi gáàsì CO2 bo ojú ibi tó ń jó), kó máa jó o ní tóótòòtó: kó kan ibí, kó fò lọ sí òdìkejì, kó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tutù, kó tó padà. Ẹni tó bá fà á láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń kánjú lọ ibòmíràn.

Kí wọ́n tó tan iná, ẹ yọ orí bátìrì méjèèjì, kí ẹ sì tú wáyà tó wà lẹ́yìn alternator (ẹ̀rọ tó ń gbé iná fún bátìrì), torí iná wẹ́dà lè ba diode inú rẹ̀ jẹ́. Bí ibi tí wọ́n fẹ́ jó bá súnmọ́ táǹkì epo, kí wọ́n sọ táǹkì náà kalẹ̀ kí wọ́n sì gbé e jìnnà. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí epo nínú rẹ̀. Èéfín epo ló ń bú gbàù, táǹkì tó ṣófo sì ni èéfín ń kún.

Pọ́tì tó pọ̀ tó báwo ló ti pọ̀ jù?

Tó bá ti ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá fi sáńdípépà fá a tán, irin ni wọn kò nà dáadáa. Iṣẹ́ pọ́tì ni láti dí ìlà tí òòlù fi sílẹ̀, kì í ṣe láti rọ́pò irin. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún píkọ́ọ̀pù ju ọkọ̀ kéékèèké lọ. Ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù ń lọ́ra rẹ̀ díẹ̀ nígbàkigbà tó bá bọ́ sí kòtò, pọ́tì tó nípọn kò sì lè lọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Yóò sán, omi á gba ojú sísán náà wọlé, bí ọ̀dà ṣe máa wú sókè nìyẹn.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ ni ọmọ iṣẹ́ tó ń po hardener (ohun tó ń mú pọ́tì le) mọ́ pọ́tì. Ó yẹ kó jẹ́ díẹ̀, nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo. Bó bá pọ̀ jù kí ó lè tètè gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ lè là sí ojú ọ̀dà lẹ́yìn. Kí wọ́n má sì fi omi fá pọ́tì. Ó ń mu omi bíi búrẹ́dì, omi náà á sì wà níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà yín. Gbígbẹ ni kí wọ́n fá a: sáńdípépà 80, lẹ́yìn náà 180, kí primer tó bò ó. Lórí primer ni omi àti pépà 400 tó lè wọlé.

Ṣé mo lè gé ìdajì ọkọ̀ mìíràn lẹ̀ mọ́ tèmi?

Ìlẹ̀kùn, fẹ́ńdà, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀, kò sí wàhálà. Ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáṣí sí ni kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn: kí wọ́n má fá a, kí wọ́n má jó o, kí wọ́n má fi pọ́tì bò ó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá tí kò bá rí nọ́ńbà náà kà kò ní bi yín bóyá pánẹ́ẹ̀bítà ni ó ṣe é.

Wáyà àtijọ́: ká tún un ṣe ni, àbí ká fa tuntun?

Ẹ gé díẹ̀ lára wáyà tó lọ sí iná ẹ̀yìn, kí ẹ bó o. Bí kọ́pà inú rẹ̀ bá ṣì pọ́n, tí rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ lè fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tún oríkèé rẹ̀ ṣe. Bí kọ́pà bá ti dúdú, tí rọ́bà sì ń ṣẹ́ bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ 504 tí mo rí, wáyà tí ilé iṣẹ́ fà kò ju ìdajì lọ mọ́. Ìyókù jẹ́ tàwọn rìwáyà oríṣiríṣi, àwọ̀ pupa kan náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí wọ́n lọ́ pọ̀, tí wọ́n sì fi téèpù wé. Èyí tí wọ́n fi wáyà ilé ṣe náà kò ṣọ̀wọ́n. Wáyà ilé olójú kan kò dára nínú ọkọ̀, torí ìgbọ̀nrìrì ń ṣẹ́ ẹ nínú rọ́bà, ẹ kò sì ní rí ibi tó ti ṣẹ́.

Kí ẹ tó fa èyí àtijọ́ jáde, ẹ fi téèpù ìwé lé orí wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi bírò kọ ibi tó ń lọ sí i: «bíréèkì òsì», «gééjì epo», «họ́ọ̀nù». Ẹ ya fọ́tò. Ẹ fà á jáde lódindi, ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó, kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n fún tuntun. Rìwáyà tó bá gé e wẹ́wẹ́ dànù kó tó wọn ọ̀nà rẹ̀ fẹ́ fi orí ṣe é, orí rẹ̀ sì lè má sí nítòsí lọ́dún tó ń bọ̀.

Wáyà wo ni kí n rà?

Wáyà ọkọ̀ tó jẹ́ kọ́pà olójú wẹ́wẹ́. Lójú ọjà, ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú kọ́pà rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi kọ́pà bò. Ẹ dá a padà. Iná kì í gba inú alumíníọ̀mù kọjá dáadáa tó kọ́pà, oríkèé rẹ̀ sì máa ń bàjẹ́.

Ní ti ìnípọn (mm² ni wọ́n fi ń kà á), 1.5 tó fún iná ẹ̀yìn, bíréèkì àti trafíkétọ̀. 2.5 fún iná iwájú, họ́ọ̀nù àti wiper. Láti alternator lọ sí bátìrì, 6 sí 10. Fún kíkì sítátà àti earth (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì) tó ti bátìrì lọ sí ẹ́ńjìnnì, kó má dín ní 25, bó bá sì jẹ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, kó jẹ́ 35.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Iye watt tó wà lára gílóòbù, ẹ pín in sí 12, ẹ ó rí iye amp tó ń mu. Gílóòbù bíréèkì jẹ́ watt 21. Méjì jẹ́ 42. Ìyẹn amp 3.5. Láti iwájú dé ìdí píkọ́ọ̀pù lé ní mítà 4, wáyà tó bá sì tín-ín-rín jù á jẹ lára iná náà kó tó débẹ̀. Ohun tó ń mú kí bíréèkì ọkọ̀ kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú oòrùn títí ẹni tó wà lẹ́yìn fi gbá a nìyẹn.

Bátìrì tuntun ni, alternator ń gbé iná, síbẹ̀ iná iwájú ń ṣe bàìbàì.

Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó wà láàárín volt 13.8 àti 14.4. Bó bá wà níbẹ̀, alternator kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wá tan iná iwájú, kí ẹ fi mítà wọn ẹ̀yìn gílóòbù gan-an. Bí ẹ bá bá 11 níbẹ̀, iná tó kù ti ṣòfò sójú ọ̀nà.

Ibi tó ti ń ṣòfò jù ni switch. Gílóòbù H4 méjì tó jẹ́ watt 60 lórí iná gígùn ń mu amp 10, gbogbo rẹ̀ sì ń gba inú switch kékeré tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ayé bàbá yín kọjá, lọ sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó tó padà jáde síwájú. Ojútùú rẹ̀ ni relay méjì nínú ilé ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún iná kúkurú, ọ̀kan fún gígùn. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà nídìí ẹsẹ̀ relay: orí bátìrì lọ sí 30 láti inú fíúsì, 87 lọ sí gílóòbù, wáyà àtijọ́ tó ti ọ̀dọ̀ switch wá lọ sí 86, 85 sì lọ sí earth. Switch á wá máa ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ lásán. Nínú gbogbo owó tí ẹ máa ná sórí wáyà, èyí kéré jù, òun ni ẹ sì máa kọ́kọ́ rí lálẹ́.

Tí mo bá tan trafíkétọ̀, iná ẹ̀yìn náà ń bá a ṣẹ́jú. Kí ló fà á?

Earth ni. Iná tó yẹ kó gba bọ́dì padà sí bátìrì kò rọ́nà, ó wá ń gba inú gílóòbù mìíràn lọ. Níbí yìí ni pẹ́ńtà àti rìwáyà ti ń bára wọn jà jù lọ. Gbogbo iná inú 504 ń gba ara irin padà, ọ̀dà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Ọkọ̀ tó tàn yanranyanran kí wọ́n tó kùn ún lè jáde kúrò lọ́dọ̀ pẹ́ńtà pẹ̀lú iná òsì tó kú, gééjì epo tí kò gbéra, àti kíkì sítátà tó ń kérora.

Ètò rẹ̀ rọrùn. Kí pẹ́ńtà tó dé, kí rìwáyà yan ojú earth mẹ́rin tàbí márùn-ún: méjì níwájú, ọ̀kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, méjì lẹ́yìn. Kí ó fi bóòtù sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó fi téèpù ìwé bo ojú irin tó yí i ká. Pẹ́ńtà á kun orí téèpù náà. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ ó bá irin tó mọ́ roro níbẹ̀. Ẹ fi rìńgì wáyà sí i, ẹ dè é le, kí ẹ wá fi gíríìsì bo orí rẹ̀ kí omi má baà dé ibẹ̀. Ti ẹ́ńjìnnì sí bọ́dì, ẹ má gbàgbé rẹ̀, torí orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Nígbà míì okùn irin mìíràn tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì ni iná kíkì sítátà ń gbà bí earth ẹ́ńjìnnì bá ti já, okùn náà á sì gbóná títí á fi ṣẹ́.

Láti dán an wò, ẹ fi ẹnu mítà kan sórí negative bátìrì, èkejì sórí irin ìdí gílóòbù ẹ̀yìn, kí ẹ tan iná. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Bó bá kọjá ìdajì volt, ẹ wá ọ̀nà rẹ̀.

Fíúsì ń jó ṣáá. Rìwáyà fi fọ́ìlì sìgá wé e, ó sì ṣiṣẹ́.

Ohun tí yóò jó báyìí ni wáyà, lẹ́yìn rẹ̀ ọkọ̀. Ẹ yọ ọ́ lónìí.

Fíúsì ń ṣọ́ wáyà ni, kì í ṣe iná. Iye fíúsì kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí wáyà lè gbé lọ, ibi tó sì súnmọ́ bátìrì ni ó yẹ kó wà. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í ní fíúsì púpọ̀, iná mẹ́ta tàbí mẹ́rin á gbára lé ọ̀kan. Bí ẹ bá ń fa wáyà tuntun, ẹ ra àpótí fíúsì tó ní ojú mẹ́wàá ó kéré tán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ẹ sì fi ojú méjì sílẹ̀ fún ohun tí ẹ kò tíì ronú kàn.

Ọ̀dà wo ló dára: cellulose àbí 2K?

Cellulose rọrùn fún pẹ́ńtà, ó ń tètè gbẹ, ó sì ṣe é tún ṣe. Àmọ́ oòrùn wa ń pa á láwọ̀, ó sì máa ń fẹ́ kí wọ́n máa fi polish nù ún. 2K, tí wọ́n ń po hardener mọ́, le jù ú lọ, epo tó bá kán sí i kì í tètè bà á jẹ́. Fún píkọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́, 2K aláwọ̀ kan ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n fi sí i, láìsí clear (ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán) rárá. Autobase (ọ̀dà àwọ̀ tí wọ́n ń fi clear bò) pẹ̀lú clear lẹ́wà, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi pákó ha á, àtúnṣe ibi kékeré náà á di àtúnṣe gbogbo ìlẹ̀kùn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà lára rẹ̀. Ẹ rẹ àkísà funfun sínú tínà, ẹ fi ra ibi tó fara sin. Bí àwọ̀ bá wá sára àkísà, cellulose ni. Bí wọ́n bá fín 2K tàbí ohun tó le lé orí ọ̀dà rírọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí primer tó yẹ láàárín wọn, tínà á wọnú ti ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ á sì ká jọ. Ibi tí irin bá ti hàn gbangba, epoxy primer ni kí ó kọ́kọ́ kàn án, ọjọ́ kan náà tí wọ́n fá a. Irin tó sùn ní ìhòòhò mọ́jú lásìkò òjò, ìpẹtà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, bí ojú kò tiẹ̀ rí i.

Hardener 2K ní isocyanate nínú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ so mọ́ imú kò dá a dúró. Tí pẹ́ńtà yín kò bá ní ìbòmú alásẹ́ fún èéfín ọ̀dà, ẹ rà á fún un, kí ẹ kà á mọ́ owó iṣẹ́.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára láti kun ọkọ̀?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, mo fẹ́ràn oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé, tàbí oṣù Kejì lẹ́yìn tí eruku rẹ̀ bá rọlẹ̀. Lásìkò òjò, omi inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ́ kí cellulose funfun bí èéfín lójú, clear náà kì í dán tó bó ṣe yẹ. Lásìkò ọyẹ́, gbígbẹ kì í ṣe ìṣòro, eruku ni. Bí kò bá sí ilé ìkunọkọ̀ tó ṣe é tì pa, kí wọ́n da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fín in, kí wọ́n ṣe é láàárọ̀ lẹ́yìn tí ìrì bá gbẹ, kí omi inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sì ti jáde. Omi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju òjò lọ.

Àwọ̀ wo wá ni?

Èyí tó bá a jáde láti ilé iṣẹ́, bí ẹ bá lè rí i. Ẹ wo ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí abẹ́ rọ́bà ìlẹ̀kùn, níbi tí oòrùn kò dé, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń po ọ̀dà. Bí ẹ bá yí àwọ̀ padà, ẹ mọ̀ pé inú ilé ẹ́ńjìnnì, ẹnu ìlẹ̀kùn àti inú ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ yí, owó rẹ̀ sì ń lé sókè. Ìwé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ yí: ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí wọ́n kọ àwọ̀ tuntun sí i kí ẹ tó gbé e sí títì. Ẹ má kùn ún ní àwọ̀ ewé ológun, ẹ má sì kùn ún ní yẹ́lò onílà dúdú l'Ékòó bí ẹ kò bá fẹ́ kí èrò máa dá yín dúró.

Ẹ̀yìn ibi ẹrù ńkọ́?

Ọ̀dà tó ń dán kò wúlò níbẹ̀. Epoxy primer, ọ̀dà dúdú tó nípọn, ó tán. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ́ pákó sí i, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é gbé jáde, torí omi àti iyanrìn ń sùn sábẹ́ pákó tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

Òkè òkun ni mo wà, àbúrò mi ló ń bójú tó ọkọ̀ bàbá wa ní Ìjẹ̀bú. Kí ni kí n máa béèrè?

Fídíò, kì í ṣe fọ́tò ọkọ̀ tó ń dán. Ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò abẹ́ ọkọ̀ àti irin tí wọ́n jó kí primer tó bò ó, pẹ̀lú irin òòfà tó ń lọ lára rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tan iná lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ máa wò ó. Ẹ má fi gbogbo owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan: ti irin lẹ́yìn fídíò irin, ti wáyà lẹ́yìn fídíò iná. Kí àbúrò yín má sì jẹ́ ẹni tó ń dúnàá dúrà, tó ń ra ọjà, tó tún ń ṣọ́ iṣẹ́, láìsí owó tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ yọ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, á dín ẹjọ́ kù nínú ẹbí.

Báwo ni kí n ṣe pín owó náà?

Kí irin gba èyí tó pọ̀ jù, tó súnmọ́ ìdajì. Bí owó bá tán lójú ọ̀nà, ẹ dúró lórí primer epoxy lábẹ́ òrùlé. Ọkọ̀ tó wà nínú epoxy primer tó sì ń tan iná dáadáa lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n sáré kùn lórí irin tó jẹ kò lè dúró.

Wọ́n ti kùn ún tán. Ìgbà wo ni mo lè fọ̀ ọ́?

Omi lásán pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lábẹ́ ibòji. Kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, torí ó ń pa ọ̀dà lójú. Ẹ fi wax sílẹ̀ fún oṣù kan ó kéré tán, kí tínà tó ṣì wà nínú ọ̀dà lè jáde. Tapólì kò gbọ́dọ̀ kan ojú rẹ̀ láàárín ìgbà náà. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ bò ó, ẹ gbé tapólì sórí igi. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ padà lọ́ àwọn bóòtù earth le lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ fi súkúrúdíráfà kékeré tọ ihò omi ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn wò, torí pẹ́ńtà máa ń fi ọ̀dà dí wọn.